Ohun Tí N Kò Túmọ̀ fún Ìyá Mi

Òórùn ògì kíkan tó ń hó lórí iná nírọ̀lẹ́ ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí, kí n tó rántí ojú ẹnikẹ́ni. Ní Òkè-Ìlá, àdúgbò wa ní Adó nígbà náà, nínú oṣù ààwẹ̀, tí oòrùn bá ti ń wọ̀ lẹ́yìn àwọn òkè àpáta Adó, gbogbo ilé Mùsùlùmí tó wà ládùúgbò wa ló máa ń gbé ìkòkò ògì kaná lẹ́ẹ̀kan náà. Òórùn náà á máa bọ̀ láti ilé dé ilé, òun àti òórùn epo àkàrà tó ń gbóná. Oṣù kẹjọ ni, òjò kì í jìnnà, ilẹ̀ pupa náà tutù, omi ń kán láti ara páànù. Ọdún tó ṣáájú ọdún tí àwọn ológun gbé ìjọba sílẹ̀ fún alágbádá ni mò ń sọ. Mo ti lé díẹ̀ lógún ọdún, mo wà ní ọdún kẹta nílé ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì ní Àkúrẹ́, mo sì gba ìsinmi oṣù kan wálé. Ìwọ tí a jọ dàgbà nígbà yẹn á mọ irú ìgbéraga tí aṣọ funfun náà máa ń kó sí ọmọbìnrin lórí. Mo rò pé mo ti mọ̀ ọ́n tán.

Àwa mẹ́ta péré la wà nínú ilé: ìyá mi, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, àti èmi. Bàbá wa tó jẹ́ télọ̀ ti kú kí n tó wọ ilé ẹ̀kọ́ girama, abọ́ tánganran ni ìyá wa ń tà tó fi tọ́ wa. Ẹ̀gbọ́n mi ló ka ìwé olùkọ́, ó sì ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kẹta nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ìgèdè. Ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ dára débi pé àwọn ará àdúgbò máa ń wá bẹ̀ ẹ́ kó bá wọn kọ lẹ́tà, àti onígbàgbọ́ àti Mùsùlùmí. Aláwàdà paraku ni. Láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ló ti ń pè mí ní Ìyá Abẹ́rẹ́, tí mo bá sì ti ń wọlé, á fi ọwọ́ méjèèjì di ìdí rẹ̀ mú, á máa sá káàkiri pálọ̀ bí ẹni tí wọ́n fẹ́ gún lábẹ́rẹ́. Ẹni ọgbọ̀n ọdún, olùkọ́! Ìyá wa á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀.

Nígbà ọyẹ́ tó ṣáájú ààwẹ̀ náà ni orí rẹ̀ dàrú. N kò ní pẹ́ lórí èyí, torí n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìyẹn nìkan rántí rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ohùn àwọn ènìyàn tí a kò rí, ó ń dá wọn lóhùn níwájú àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ó fi ẹsẹ̀ lásán rìn láti Ìgèdè dé Adó, ṣọ́ọ̀kì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń kọ nǹkan sára gbogbo ògiri tó ń kọjá, pẹ̀lú ọwọ́ ìkọ̀wé tó dára yẹn. Wọ́n fún un lóògùn ní ọsibítù. Ìyá mi rí i pé ó ń sùn bí òkú, pé ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, ló bá kó gbogbo oògùn náà dà sí ṣáláńgá. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ẹ̀gbọ́n mi tún fi di ẹni tó ń rìn kiri láàárín ọjà. Àwọn ọmọdé ń sá fún un. Àwọn tí kò sá, òkò ni wọ́n ń jù. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń bẹ̀rù ọwọ́ ìyá mi ju àìsàn náà lọ.

Dókítà kan máa ń wá sí ọsibítù ní Adó lẹ́ẹ̀kan lóṣù nígbà náà, nítorí àwọn tí orí ń yọ lẹ́nu. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó máa ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ ni. Kì í ṣe ọmọ Yorùbá, nítorí náà èdè Òyìnbó ló ń sọ sí wa. Ó ku bí oṣù kan àbọ̀ kí ààwẹ̀ dé nígbà tí mo gba àyè wálé láti bá ìyá mi gbé ẹ̀gbọ́n mi lọ bá a. Èmi ni mo dúró láàárín wọn, mo ń túmọ̀. Dókítà yí oògùn náà padà sí òmíràn tí kì í mú ọwọ́ gbọ̀n bíi ti àkọ́kọ́: ẹyọ kan láàárọ̀, ẹyọ kan lọ́sàn-án, ẹyọ kan lálẹ́. Ó gbé okùn tí wọ́n fi ń gbọ́ ìró ọkàn lé ẹ̀gbọ́n mi láyà, ó tẹ́tí sí i fún ìgbà pípẹ́.

Lẹ́yìn náà ó yíjú sí mi, nítorí wọ́n ti sọ fún un pé akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì ni mí. Ó ní oògùn yìí ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ṣùgbọ́n lára àwọn díẹ̀, ó máa ń da bí ọkàn ṣe ń lù rú. Ọkàn á máa sáré ségesège, ènìyàn á kàn dákú lójijì, bí wọn kò bá sì tètè wá nǹkan ṣe sí i, ọkàn náà lè dúró. Ó ní ẹ̀rọ kan wà ní Ìbàdàn tó máa ń ya bí ọkàn ṣe ń lù sórí ìwé, kò sí irú rẹ̀ ní Adó, òun á kọ lẹ́tà kí a gbé e lọ síbẹ̀ lẹ́yìn oṣù ààwẹ̀. Kó tó dìgbà náà, kí a má ṣe jẹ́ kó pa oògùn pọ̀ lò lẹ́ẹ̀kan, kí a má jẹ́ kí omi gbẹ lára rẹ̀, àti pé bí ó bá dákú, kódà kó má ju ìṣẹ́jú kan lọ, kí a dá oògùn náà dúró, kí a sì gbé e wá lọ́jọ́ náà gan-an.

Ìyá mi fi ìgbọ̀nwọ́ kàn mí lẹ́gbẹ̀ẹ́. "Kí ni dókítà wí, ọma mi?"

"Ó ní kí wọ́n máa lò ó lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́," ni mo wí. "Ó ní ara wọn á yá."

N kò purọ́. Ohun tí dókítà sọ ni mo sọ, mo kàn fi èyí tó kù sílẹ̀ ni. Mo wo ojú ìyá mi, mo rántí ṣáláńgá. Mo mọ̀ pé bí mo bá sọ fún obìnrin yìí pé oògùn náà lè dá ọkàn ọmọ rẹ̀ dúró, kò ní jẹ́ kó kan ahọ́n rẹ̀ láéláé. Mo ní èmi á máa bójú tó o fúnra mi, ṣebí nọ́ọ̀sì ni mí. Ẹ̀gbọ́n mi tó gbọ́ Òyìnbó jù mí lọ jókòó síbẹ̀, ó gbọ́ gbogbo ohun tí dókítà sọ, ó sì gbọ́ bí mo ṣe túmọ̀ rẹ̀. Ó wò mí. Nígbà tí a jáde, ó rọra sọ sí mi létí pé òun á máa kọ lẹ́tà sí mi bí nǹkan kan bá ṣe òun. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni lẹ́tà rẹ̀ ń dé Àkúrẹ́, ohun kan náà ló sì ń wà nísàlẹ̀ rẹ̀: "Ọkàn mi ń lù déédéé, Ìyá Abẹ́rẹ́."

Oògùn náà ṣiṣẹ́. Mo gbọ́dọ̀ sọ èyí ketekete, nítorí àwọn kan á gbọ́ ìtàn yìí, wọ́n á sì sá fún ohun tó lè dá orí ènìyàn wọn padà. Nígbà tí mo fi máa dé fún ìsinmi, ó ti ń fá irùngbọ̀n rẹ̀ fúnra rẹ̀, ó ń lọ aṣọ rẹ̀, ó sì tún di ìdí mú nígbà tí mo wọlé. Ọ̀gá ilé ìwé rẹ̀ ní Ìgèdè ti sọ pé òun á gbà á padà nígbà tí wọ́n bá wọlé ní oṣù kẹsàn-án, bí àwọn òbí ọmọ bá ti rí i pé ara rẹ̀ ti dá. Kò sí ohun mìíràn tó ń fẹ́ láyé. Ó fẹ́ tún dúró níwájú àwọn ọmọ kíláàsì kẹta, kí wọ́n jókòó kí wọ́n máa wò ó, kí ẹnikẹ́ni má sá.

Ní àdúgbò wa, kò sí ìwé ẹ̀rí tó ju ààwẹ̀ lọ. Ọmọdé kì í gbà á, arúgbó kùjọ́kùjọ́ kì í gbà á, wèrè kì í gbà á. Ẹni tó bá gbà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ènìyàn pípé ni, ẹnikẹ́ni kò sì lè sọ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Gbogbo Òkè-Ìlá ló ń wo ẹ̀gbọ́n mi lọ́dún náà, òun náà sì mọ̀. Àfáà àdúgbò wa, ẹni rere ni, fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá sílé wa ní ọjọ́ méjì ṣáájú kí oṣù tó lé, ó jókòó, ó ní Ọlọ́run ti yọ̀ǹda aláìsàn, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín sí i. "Àfáà, ṣé mo jọ aláìsàn lójú yín?"

Bí Àfáà bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ó ti pè é ní wèrè nìyẹn. Bí ó bá ní rárá, ààwẹ̀ di dandan. Ó ṣàdúrà fún un, ó sì dìde. Ìyá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, inú rẹ̀ ń dùn débi pé kò mọ ibi tó máa kó ọwọ́ rẹ̀ sí.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ oògùn. Nǹkan kan kì í kan ẹnu láti ìdájí títí oòrùn á fi wọ̀. Ibo la máa wá fi ti àárọ̀ àti ti ọ̀sán sí? Ẹ̀gbọ́n mi mú ìgò oògùn náà wá bá mi nídìí kànga, ó ní, "Ìyá Abẹ́rẹ́, bá mi ṣe ìṣirò yìí." Mo sì ṣe é. Méjì nígbà ìṣínu nírọ̀lẹ́, ẹyọ kan nígbà sààrì kí ilẹ̀ tó mọ́. Mo sọ lọ́kàn mi pé mẹ́ta náà ló ṣáà jẹ́. Dókítà ti ní kó má pa á pọ̀ lò, etí mi méjèèjì ló gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n méjì kò jọ ohun tó pọ̀ lójú mi. Àti pé ta ló lè wo ojú rẹ̀ lọ́jọ́ náà kó sọ fún un pé kó má gbààwẹ̀? Èmi kò lè sọ ọ́. Mo ti bú ara mi lórí ìyẹn tó, mo sì ń bú u lọ.

Ọjọ́ kẹjọ ààwẹ̀ bọ́ sí Sátidé. Mo jókòó lẹ́yìnkùlé lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, mò ń ṣa ẹ̀wà tí a máa fi ṣe àkàrà, ẹ̀gbọ́n mi sì ń fa omi. Mo gbọ́ tí korobá já padà sínú kànga. Nígbà tí mo máa gbójú sókè, ó ti wà nílẹ̀, ó fi ẹ̀gbẹ́ kan lélẹ̀ nínú ẹrẹ̀, ojú rẹ̀ sì yí. Mo sáré bá a, mo di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú. Ohun tí mo kàn lábẹ́ ìka mi lọ́jọ́ náà, ìka mi kò tíì gbàgbé rẹ̀. Ó ń sáré kítikìti, á dúró díẹ̀ bí ẹni tó kọsẹ̀, á tún sáré. Kò pé ìṣẹ́jú kan tó fi lajú, ìlù ọkàn rẹ̀ sì rọra padà bọ̀ sípò. Mo mọ ohun tó jẹ́. Ọ̀pọ̀ nǹkan ni mo lè fi tan ara mi, ṣùgbọ́n n kò lè sọ pé n kò mọ̀.

"Ààwẹ̀ ni," ni ó wí, ó ń gbọn ẹrẹ̀ kúrò lára. "Ebi ni."

"Kì í ṣe ebi, Bùrọ̀dá. Ẹ jẹ́ ká lọ sí ọsibítù."

"Bí mo bá dé ọsibítù, wọ́n á ní kí n ṣínu. Gbogbo ulé ní Òkè-Ìlá á sì gbọ́ ọ lónìí pé wèrè kò lè parí ààwẹ̀ rẹ̀." Ó di ọwọ́ mi mú, ọwọ́ rẹ̀ tutù. "Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ lọ́hùn-ún ni dókítà ń bọ̀, ọjọ́ mẹ́sàn-án péré ni. Bí ó bá tún ṣe mí, èmi fúnra mi á wí kí a lọ. Jọ̀ọ́. Mọ́ wí fún Ìyá."

Mo gbà. Ohun tí mo ṣe nìyẹn, mo gbà. Mo ní kó máa mu omi dáadáa lẹ́yìn ìṣínu, mo sì ń di ọwọ́ rẹ̀ mú láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, mò ń ka bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù. Lójoojúmọ́ tí mo bá kà á tí ó bá ń lù déédéé, ẹ̀rù tó ń bà mí ń dín kù. Ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé mò ń wá ọ̀rọ̀ nínú iṣan òun. Lọ́jọ́ karùn-ún, mo ti ń sọ fún ara mi pé bóyá ebi náà ni lóòótọ́.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ọ̀, ó wọ aṣọ funfun, ó lọ kírun ní mọ́sálásí gbogbogbò. Nígbà tó dé, ojú rẹ̀ ń dán. Ó ní àwọn ọkùnrin tó máa ń yẹra fún òun tẹ́lẹ̀ bọ òun lọ́wọ́, ọ̀kan nínú wọn sì bi òun pé ìgbà wo ni ilé ìwé ń wọlé. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ìyá mi ní kó tún sọ ọ́. Nígbà tí àsìkò ìrun Aláásárì ìrọ̀lẹ́ tó, òjò ti ń rọ̀ gan-an, kò sì sí bí ó ṣe lè padà sí mọ́sálásí, la bá tẹ́ ẹní sínú pálọ̀. Òun ni ọkùnrin ilé, òun ló máa ń ṣe lémọ́ọ̀mù wa. Ó dúró níwájú, èmi àti ìyá mi dúró lẹ́yìn.

Ní ràkáà kẹta nínú mẹ́rin ìrun náà, a forí kanlẹ̀. Bóyá o mọ òfin àwa tí a ń kírun: ẹni tó wà lẹ́yìn kì í gbé orí ṣáájú ẹni tó wà níwájú. Ohùn rẹ̀ la fi ń dìde. Nítorí náà, a fi orí wa sílẹ̀, a ń dúró de ohùn rẹ̀. Òjò ń lu páànù, a kò lè gbọ́ nǹkan mìíràn. Mo rò pé àdúrà rẹ̀ ló gùn, pé ó ní ohun púpọ̀ tó fẹ́ tọrọ, mo sì ní kó máa tọrọ rẹ̀. Èmi náà ń tọrọ kí ọjọ́ Ajé tètè dé. Mo gbọ́ tí ìyá mi ń sọ àmín, àmín, lábẹ́ ẹnu. N kò mọ bí a ṣe pẹ́ tó. Ó pẹ́ débi pé ilà ẹní ti wọ̀ mí níwájú orí. Nígbà tó yá, mo gbé orí mi sókè láìgbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni, mo sì rí i pé ó ti rọra fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ bí ọmọdé tí oorun gbé lọ.

Mo yí i padà. Mo tẹ àyà rẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ wa, mo fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́nu, mo ń kà, mo ń tẹ̀, mo ń kà. Kò sí nǹkan kan lábẹ́ ọwọ́ mi. Nígbà tí mo wo ẹ̀yìn láti ní kí ìyá mi pariwo pe àwọn ará ilé kejì, ìyá mi kò tíì gbé orí. Ó ṣì wà nílẹ̀ níbẹ̀, ó ń dúró de ohùn ọmọ rẹ̀.

Wọ́n sin ín kí oòrùn tó wọ̀, bí àṣà wa. Gbogbo àdúgbò ló dé. Gbogbo wọn ló sì ń sọ ọ́ pé irú ikú wo nìyí, nínú oṣù ààwẹ̀, ní ọjọ́ Jímọ̀ọ̀, lórí ìforíkanlẹ̀! Àwọn obìnrin tí ọmọ wọn kò kú ń sọ ọ́ bí ẹni pé kí ó jẹ́ tiwọn. Àfáà ní ẹni tó bá kú bẹ́ẹ̀, kí a má sunkún rẹ̀. Ìyá mi di ọ̀rọ̀ náà mú bí ẹni tó ń rì ṣe ń di igi mú, èmi náà sì rí i pé òun ló gbé e dúró. Mo jókòó sí igun pálọ̀, mo ń wo ẹní náà tí wọ́n ti ká. Mo kórìíra gbogbo wọn lọ́jọ́ náà, mo sì kórìíra ara mi jù wọ́n lọ.

Lọ́jọ́ Ajé, mo lọ bá dókítà. Mo gbé káàdì ẹ̀gbọ́n mi sórí tábìlì, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, oògùn méjì lẹ́ẹ̀kan, ààwẹ̀, kànga. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ oògùn náà, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ọkàn rẹ̀ ti ní àbùkù kan láti ìgbà tí wọ́n ti bí i, láìsí ẹ̀rọ yẹn a kò lè mọ̀ mọ́. Ó wá bi mí pé, "Ìyá rẹ ńkọ́? Ṣé òun kò rí nǹkan kan?" Mo mú káàdì náà kúrò lórí tábìlì. Kò bá mi wí. Ì bá dára kó bá mi wí.

Ọdún mẹ́rìnlá kọjá. Mo ti di nọ́ọ̀sì àgbà, mo ti bímọ, ìyá mi ti fi abọ́ títà sílẹ̀. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyí, bí ẹnikẹ́ni bá ti dárúkọ ẹ̀gbọ́n mi, ìyá mi á ní ikú rere ló kú, ikú tí Ọlọ́run ń fi ta ẹni tó bá fẹ́ lọ́rẹ. Èmi á ní bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá. Kí ni ǹ bá sọ? Ohun kan ṣoṣo tó kù fún un nìyẹn, kò sì ní jẹ́ ọwọ́ mi ló máa gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Bí mo ṣe ń rò ó nìyẹn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí mo lọ kí i, obìnrin kan láti ilé kejì wọlé wá bá mi. Ọmọbìnrin rẹ̀ ni orí ń yọ lẹ́nu, wọ́n sì ti fún un ní irú oògùn yẹn. Mo ṣàlàyé fún un bí mo ṣe máa ń ṣàlàyé fún gbogbo ènìyàn: bí yóò ṣe máa lò ó, pé kó má fi í sílẹ̀, kó má pa á pọ̀, àti pé bí ọmọ náà bá dákú, kó gbé e lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà, kó má ṣe rò pé ebi ni tàbí àárẹ̀. Obìnrin náà dúpẹ́, ó lọ. Ìyá mi jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Nígbà tó yá, ó ní, "Ọma mi, dídákú tí ùwọ wí yẹn."

"Ẹ̀n-ẹ́n, Ìyá."

"Ó dákú níwájú mi. Ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tó kú ni. Mò ń ro ògì lọ́wọ́, ó sì ṣubú lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi níbẹ̀." Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ gan-an. "Ó bẹ̀ mí. Ó ní kí n mọ́ wí fún ọ, wí bí ùwọ bá gbọ́, ùwọ á ní kó ṣínu. Mo rò wí ààwẹ̀ ni. N kò wí fún ẹnìkan."

Ó ti ṣe ìlérí fún mi nídìí kànga pé bí ó bá tún ṣe òun, òun á sọ. Ó ní kí ìyá wa má sọ fún mi, ó sì ní kí èmi náà má sọ fún ìyá wa, àwa méjèèjì sì pa á mọ́ fún un nínú ilé kan náà, lórí ẹní kan náà. Mo fẹ́ sunkún, ṣùgbọ́n ojú ìyá mi kò kúrò lára mi.

"Ṣé dókítà ùgbà yẹn wí ọ̀rọ̀ dídákú yìí?" ni ó bi mí.

"Ó wí i, Ìyá."

"Ṣebí mo wà níbẹ̀. N kò gbọ́ ọ."

"N kò túmọ̀ rẹ̀ fún yín ni."

Kò pariwo, kò sì bú mi. Ó wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì tó gbé lé itan, ó pẹ́ tó ń wò wọ́n. Lẹ́yìn náà, ó ní kí n bu omi wá kí òun ṣe àlùwàlá. Mo bu omi sí bùtá, mo gbé e fún un, mo sì lọ jókòó sẹ́yìnkùlé títí ó fi kírun tán. Nígbà tó pè mí, kò tíì kúrò lórí ẹní, kò sì yíjú sí mi. Ó ní, "Àwọn ìyá tó ń wá bá ọ ní ọsibítù, máa wí gbogbo rẹ̀ fún wọn. Kó bà wọ́n lẹ́rù. Wí gbogbo rẹ̀."

Mo ń sọ ọ́. Mo ti sọ ọ́ fún ìyá tó gbé ọmọ rẹ̀ dìde lórí àga, tó sì bá a lọ láìgba oògùn. Mo ti sọ ọ́ fún èyí tó da oògùn nù, tí mo sì ní láti lọ bá a nílé lẹ́ẹ̀mẹta kó tó gbà. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi a máa ní ẹnu mi kò ní ìdè, pé mò ń dẹ́rù ba àwọn aláìsàn. Bí ìyá kan bá lè gbé ọmọ sínú fún oṣù mẹ́sàn-án, ó lè gbé ọ̀rọ̀ kan. Ó pẹ́ kí n tó mọ ìyẹn, ẹ̀mí kan ló sì bá a lọ kí n tó mọ̀ ọ́n.

Ìyá mi lo ọdún mẹ́fà sí i láyé lẹ́yìn ọjọ́ náà. A jọ ń sọ̀rọ̀, a jọ ń rẹ́rìn-ín, ó bá mi tọ́jú ọmọ mi tó kẹ́yìn. Ṣùgbọ́n bí àwọn ènìyàn bá tún dárúkọ ẹ̀gbọ́n mi, tí wọ́n sọ̀rọ̀ Jímọ̀ọ̀ àti ìforíkanlẹ̀, ṣe ló máa ń wo ibòmíràn. Títí ó fi kú, kò tún sọ ọ́ mọ́ pé ikú rere ni ọmọ òun kú.